Ìlà Tema àti Èèkàn Mars

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn Yorùbá tí ń gbé Tema, Ashaiman àti Accra)

Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá lónìí jẹ mọ́ àwòrán tí àwọn ọkọ̀ gbalasa òfurufú ń yà ní ojú àwọn ayé mìíràn, ṣùgbọ́n inú Tema ìlú wa yìí gan-an ni n ó ti mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, bóyá ni yóò lè róye ohun tí ń bẹ lókè orí rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ti pẹ́ ní Tema tí kò tíì gbọ́ Meridian lẹ́nu àwọn ará ìlú, nítorí wọ́n ti fi sọ òtẹ́ẹ̀lì rí, ọmọ ilé-ìwé sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́. Ìlà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlà tí ojú ń rí. Láti òpin ayé ní àríwá, níbi tí yìnyín ti bo òkun, ni a ti fà á wá. Ó gba Greenwich kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù, ó la ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Sípéènì já, ó ré òkun Mẹditaréníà kọjá, ó gba aṣálẹ̀ Àlgéríà àti ti Málì, ó kan Burkina Faso, kí ó tó wọ Gánà láti òkè, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa ní Tema, níbi tí ó ti bọ́ sínú òkun. Láti etí òkun wa yìí lọ, kò tún sí ilẹ̀ kankan tí ìlà náà yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́, àfi ilẹ̀ yìnyín Antarctica ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá. Òun ni a ń pè ní òdo. Láti ara rẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń ka bí ibì kan ti jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Nítorí rẹ̀ ni ó sì ṣe jẹ́ pé nígbà tí aago bá lu méjìlá ọ̀sán ní Tema, ó ti lu ọ̀kan ní Ìbàdàn.

Ta ni ó fa ìlà náà, èéṣe tí ó sì fi jẹ́ ibẹ̀ ni ó fà á sí? Bíríkìlà tí ó mọṣẹ́ kì í dédé máa to búlọ́ọ̀kù. Èèkàn ni yóò kọ́kọ́ kàn mọ́lẹ̀, tí yóò so okùn mọ́ ọn, tí yóò sì máa wọn ilé láti ibẹ̀. Ilẹ̀ tí ó kan èèkàn náà sí kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ yòókù. Ohun tí ó sọ ọ́ di pàtàkì ni pé gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé ibẹ̀ ni àwọn yóò ti máa wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìlà òdo. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Biddell Airy, tí ó jẹ́ olórí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1835 títí di 1881, gbé awò awọ̀nà-jíjìn kan kalẹ̀ ní Greenwich ní 1850. Awò náà kì í yí sọ́tùn-ún, kì í yí sósì. Òkè àti ilẹ̀ nìkan ni ó ń wò, tó fi jẹ́ pé ìràwọ̀ tí a bá fẹ́ wọ̀n gbọ́dọ̀ wá kọjá níwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí a ó sì kọ àkókò ìkọjá rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25, tí Làìbéríà ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára wọn, péjọ sí Washington ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì gbà pé ìlà tí ó gba àárín awò Airy kọjá ni kí ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ayé. Abúlé apẹja ni Tema nígbà náà. Kò sí èbúté, kò sí ilé-iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lọ sọ fún apẹja tí ń fa àwọ̀n létí òkun pé ìbẹ̀rẹ̀ ayé ti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbójú sókè. Ayé tiwa ní èèkàn. Àwọn ayé mìíràn ńkọ́? Òṣùpá ń wò wá sójú lójoojúmọ́, ojú kan náà ni ó sì ń kọ sí wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nítorí náà kò ṣòro láti sọ pé àárín ojú tí ó kọ sí wa ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mars ń yípo bí ayé wa ti ń yípo, ọjọ́ kan rẹ̀ sì fi díẹ̀ gùn ju ọjọ́ kan tiwa lọ. Nígbà tí ó jẹ́ pé awò orí ilẹ̀ nìkan ni a fi ń wò ó, àbàwọ́n dúdú àti pupa ni ojú rí lára rẹ̀, ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé kò sì kò lórí ohun tí àbàwọ́n náà jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Percival Lowell ti Amẹ́ríkà tilẹ̀ fi gbogbo ẹnu sọ pé òun rí odò tí àwọn ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ níbẹ̀. Kò sí èèkàn tí a lè kàn mọ́ ilẹ̀ tí a kò rí dáadáa. Ó di ìgbà tí a rán ọkọ̀ lọ kí a tó rí ojú Mars ní tòótọ́.

Ọkọ̀ tí mo ń wí yìí kò ní ènìyàn nínú. Kámẹ́rà rẹ̀ a wo ilẹ̀ tí ń bẹ nísàlẹ̀, a pín ohun tí ó rí sí ẹyọ kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ń sọ bí ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ tó tàbí bí ó ti ṣókùnkùn tó. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni yóò wá fi ránṣẹ́ sí ayé lórí ìgbì rédíò, ìgbì tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú èyí tí ó gbé ohùn mi wá bá yín nínú ilé yín lálẹ́ òní. Nígbà tí ìgbì náà yóò bá fi délẹ̀, àárẹ̀ ti mú un débi pé àfi kí a tẹ́ àwo irin ràgàjì kalẹ̀ kí a tó lè gbọ́ ọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ sí California, sí Sípéènì àti sí Ọsirélíà, kí ó lè jẹ́ pé bí ayé ti ń yí, ọ̀kan nínú wọn yóò máa kọjú sí ọkọ̀ náà nígbà gbogbo.

Ọkọ̀ Mariner 4 ni ó kọ́kọ́ ya àwòrán Mars láti tòsí. Oṣù kọkànlá ọdún 1964 ni ó gbéra, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mars ní oṣù keje ọdún 1965. Àwòrán 22 péré ni ó yà, èyí tí ó kẹ́yìn kò sì pé. Ẹyọ 200 ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ìbú, ẹyọ 200 ní òòró, nọ́ńbà ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò sì ju 63 lọ. Ọkọ̀ náà jìnnà sí wa ju mílíọ̀nù 200 kìlómítà lọ, agbára rédíò rẹ̀ kò sì ju wáàtì 10 lọ. Nítorí náà ó ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ kí àwòrán kan ṣoṣo tó délẹ̀ tán. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ JPL ní California kò lè dúró kí kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ńbà wọ̀nyí ti ń jáde lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n ń gé bébà náà, tí wọ́n ń tò ó síra lára pátákó, tí ọ̀gbẹ́ni Richard Grumm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀, tí wọ́n ń kun nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bí ó ti yẹ, àwọ̀ ilẹ̀ fún ibi tí ó ṣókùnkùn, àwọ̀ yẹ́lò fún ibi tí ó mọ́lẹ̀, títí etí Mars fi yọ lára pátákó níwájú wọn. Kámẹ́rà rí i, rédíò gbé e wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó kun àwòrán àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé rí nípa ojú Mars láti tòsí.

Kí ni wọ́n rí? Wọn kò rí odò tí a gbẹ́, wọn kò rí oko, wọn kò rí ìlú. Kòtò ni wọ́n rí, kòtò ràbàtà-ràbàtà bí irú èyí tí ó wà lójú òṣùpá, àpá òkúta tí ó ti já lu ilẹ̀ náà láti ojú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n ní ayé òkú ni Mars. Ṣùgbọ́n àwòrán 22 kò tó ohun tí a fi ń dájọ́ odidi ayé kan; èyí tí wọ́n rí kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ojú rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni Mariner 9 dé, òun sì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò máa yí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn po yàtọ̀ sí ayé wa. Bí ó ti dé, ó bá Mars nínú ìjì eruku tí ó bo gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí kámẹ́rà kò rí ju orí òkè mélòó kan tí ó yọ jáde. Ọkọ̀ méjì ti ìjọba Soviet tí wọ́n dé ní àkókò kan náà ti gba àṣẹ tí a kò lè yí padà, wọ́n sì ń ya eruku. Ṣùgbọ́n a lè fi rédíò pàṣẹ tuntun fún Mariner 9, wọ́n sì ní kí ó ní sùúrù. Ó dúró. Nígbà tí ọdún 1972 wọlé tí eruku sì rọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ya àwòrán tí ó lé ní 7,000 kí ó tó dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn orí òkè tí ó yọ nínú eruku ni Olympus Mons, òkè oníná tí ó ga tó nǹkan bí kìlómítà 22, bẹ́ẹ̀ Kilimanjaro, àgbà òkè ilẹ̀ Áfíríkà, kò pé kìlómítà mẹ́fà. Ó rí ipa omi tí ó ti ṣàn rí, tí ó pẹ̀ka bí odò tí ń pẹ̀ka. Ó sì rí àfonífojì kan tí a sọ lórúkọ ọkọ̀ náà, Valles Marineris, tí gígùn rẹ̀ lé ní 4,000 kìlómítà. Ẹ bá mi gbé àfonífojì yìí ka orí ìlà tiwa: bí a bá fi ìdí rẹ̀ kalẹ̀ ní etí òkun Tema, tí a sì nà án sí òkè lórí ìlà òdo, yóò la Gánà já, yóò la Burkina Faso àti Málì, yóò la gbogbo aṣálẹ̀ Àlgéríà, yóò fò òkun Mẹditaréníà, orí rẹ̀ yóò sì sùn sí ilẹ̀ Sípéènì.

Àwòrán pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n àwòrán ọ̀kẹ́ àìmọye tí a kò so mọ́ ibì kan kò lè di máàpù. Ọ̀gbẹ́ni Merton Davies ti ilé-iṣẹ́ RAND ní Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí bọ́ sí lọ́wọ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń wá kòtò kan náà nínú àwòrán méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọkọ̀ yà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń wọn ibi tí ó bọ́ sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ìṣirò dè wọ́n pọ̀ títí gbogbo àwòrán fi di ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Àwọn aṣáájú rẹ̀ ti yan àbàwọ́n dúdú kan tí a ń pè ní Sinus Meridiani, àbàwọ́n náà sì fẹ̀ jù. A kì í fi odidi pápá ṣe èèkàn. Ní 1972, ó wo inú kòtò kan tí ó wà ní agbègbè náà, tí ìbú rẹ̀ tó kìlómítà 40, ó sì rí kòtò kékeré kan nínú rẹ̀ tí ìbú rẹ̀ kò ju ìdajì kìlómítà lọ, tí ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò rìn já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni wọ́n kan èèkàn sí. Kòtò ńlá náà ni a sọ ní Airy, kékeré inú rẹ̀ sì ń jẹ́ Airy-0, ní ìrántí ọkùnrin tí awò rẹ̀ fa ìlà tí ó gba Tema kọjá. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni ó so ìlà wa yìí àti ìlà Mars pọ̀.

Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe Mars nìkan? Lórí Mercury tí ó súnmọ́ oòrùn jù lọ, kòtò kékeré kan tí ń jẹ́ Hun Kal ni wọ́n fi mọ ibi tí òdo wà, láti inú àwòrán tí Mariner 10 yà. Lórí Àgùàlà ńkọ́? Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ní ajá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í ṣe ajá ẹnìkan, pílánẹ́ẹ̀tì ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé wa. Kùrukùru bo ojú rẹ̀ tọ̀sán tòru, kámẹ́rà kò sì lè rí i láti òkè. Ọkọ̀ Venera 9 ti ìjọba Soviet balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1975, ó sì fi àwòrán òkúta pẹlẹbẹ ránṣẹ́ láti inú ooru tí ó lè yọ́ òjé, àwòrán àkọ́kọ́ tí a yà lórí ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ Magellan, láàárín 1990 sí 1994, ń ju ìgbì rédíò la kùrukùru náà já, tí ó ń gbọ́ bí ó ti ń padà bọ̀, títí ó fi ya máàpù bí gbogbo rẹ̀ tán. Ṣónṣó tí ó wà láàárín kòtò Ariadne ni èèkàn Àgùàlà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò fẹ́ kí ẹ kàn máa wo àwòrán wọ̀nyí kí ẹ sì máa sọ pé iṣẹ́ ńlá ni. Àwòrán ní bí a ti ń kà á. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ wá ibi tí oòrùn ti ń tàn wá. Kòtò tí oòrùn tàn sí láti ẹ̀gbẹ́ yóò ní òjìji ní apá tí ó súnmọ́ oòrùn, ìmọ́lẹ̀ yóò sì kọlu ògiri rẹ̀ kejì. Òkè yóò ṣe òdì kejì èyí. Bí ẹ bá ṣi ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá mọ̀, ojú yín yóò sọ kòtò di òkè, yóò sì sọ òkè di kòtò, bẹ́ẹ̀ àwòrán kò purọ́. Ní oṣù keje ọdún 1976, ọkọ̀ Viking 1 ya òkè kan ní agbègbè Cydonia lórí Mars nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, òjìji sì bọ́ sí ara rẹ̀ lọ́nà tí ó fi jọ ojú ènìyàn: ihò ojú, imú, ẹnu. Títí di òní ni àwọn kan ń tan àwòrán náà kiri lórí fóònù pé àwọn ará Mars ni wọ́n gbẹ́ ère. Ní 1998 àti ní 2001, ọkọ̀ Mars Global Surveyor padà lọ yà á pẹ̀lú kámẹ́rà tí ó ríran jù ti ìṣáájú lọ àti lábẹ́ oòrùn mìíràn, òkè lásán ni, tí afẹ́fẹ́ àti ọjọ́ ogbó ti jẹ lára.

Ohun kejì ni kí ẹ ka kòtò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilẹ̀ tí àpá òkúta pọ̀ lójú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ilẹ̀ tí àpá rẹ̀ kò tó nǹkan jẹ́ ilẹ̀ tuntun, tí iná inú ilẹ̀, omi tàbí yìnyín ti bò mọ́lẹ̀ láìpẹ́. Kòtò tí ó gun orí kòtò mìíràn ni àbúrò. Ohun kẹta ni kí ẹ béèrè ìwọ̀n: kìlómítà mélòó ni ó wà láti etí kan dé èkejì? Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n yóò pe àfonífojì ní ojú àgbàrá.

Ilẹ̀ Gánà yìí ní tirẹ̀ nínú àpá tí a ń wí. Adágún Bosumtwi tí ó wà ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Kumasi, tí àwọn Asante ń bọ̀wọ̀ fún gẹ́gẹ́ bí ibi mímọ́, tí àwọn apẹja ibẹ̀ kì í sì gbé ọkọ̀ lé bí kò ṣe pátákó igi tí wọ́n ń pè ní padua, kòtò tí òkúta ojú ọ̀run gbẹ́ ni. Ìbú kòtò náà jẹ́ kìlómítà 10 àti ààbọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù ọdún kan. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn bóyá òkè oníná ni ó ṣe é, títí di 1961 tí wọ́n rí òkúta coesite níbẹ̀, èyí tí ó ń fẹ́ ìfúnpá tí ó bùáyà kí ó tó lè dá. Nínú ayé tiwa, òjò ń fọ ilẹ̀, igbó ń bò ó, odò ń jẹ ẹ́, nítorí náà irú àpá báyìí kò pọ̀ mọ́. Lójú òṣùpá tí kò ní òjò tí kò ní afẹ́fẹ́, wọ́n wà bẹẹrẹ. Ọmọ tí ó bá ti dúró létí Bosumtwi, tí ó wo àwọn òkè tí ó yí i ká, ti dúró nínú irú ohun tí Mariner 4 rí.

Orúkọ wa náà wà lórí máàpù àwọn ayé wọ̀nyí. Ọkọ̀ Dawn dé Ceres, ayé kékeré kan tí ó wà láàárín Mars àti Jupiter, ní oṣù kẹta ọdún 2015. Òfin àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé ni pé òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a ó máa fi orúkọ wọn sọ kòtò Ceres, wọ́n sì pe kòtò kan ní Oxo: Òrìṣà Oko ni, baba àgbẹ̀, tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé lọ sí Brazil, tí wọ́n sì ń bọ níbẹ̀ títí di òní. Ìbú Oxo tó nǹkan bí kìlómítà 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ Bosumtwi. Ó mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ, nínú rẹ̀ ni a sì ti rí yìnyín omi lójú Ceres. Ibòmíràn tí orúkọ wa tún wà ni Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Jupiter. Ní oṣù kẹta ọdún 1979, arábìnrin Linda Morabito ń fi àwòrán tí Voyager 1 yà wá ipò ìràwọ̀ kí ọkọ̀ má baà ṣìnà, nígbà tí ó rí i tí nǹkan kan rú túú ní etí Io. Òkè oníná ni, tí ń tu èéfín sókè ju 250 kìlómítà lọ, èyí àkọ́kọ́ tí a rí tí iná rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ayé wa. Òrìṣà iná, ti oòrùn àti ti àrá ni wọ́n fi ń sọ kòtò iná ibẹ̀ lórúkọ, ọ̀kan sì ń jẹ́ Shango Patera. Ṣàngó tiwa ni, Olúkòso, ọkọ Ọya, ẹni tí iná ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ìlà òdo Mars náà ní ìtàn tirẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ń jẹ́ Opportunity balẹ̀ sí Meridiani Planum, ilẹ̀ títẹ́jú tí ó wà ní àdúgbò ìlà òdo náà. Inú kòtò kékeré kan, tí ìbú rẹ̀ tó mítà 22, ni ó yí sí, lára ògiri kòtò náà ni ó sì ti rí òkúta tí ó tò ní ìpele-ìpele, àti ẹyọ òkúta róbótó-róbótó tí omi ni ó ṣe wọ́n. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n rò pé yóò lò. Ó lo ọdún 14. Ó rin ọ̀nà tí ó lé ní kìlómítà 45, èyí tí ó ju láti Tema dé àárín Accra lọ, kí eruku tó bo oòrùn mọ́ ọn lójú ní oṣù kẹfà ọdún 2018, tí a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òbí, kí ni a ó fi gbogbo èyí ṣe? Ní Kuntunse, ní ẹ̀yìn Accra, àwo irin kan wà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 32, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ nítorí ìpè tẹlifóònù òkè òkun. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Gánà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti South Africa kò jẹ́ kí ó di àlòkù. Wọ́n tún un ṣe di etí tí a fi ń gbọ́ ìgbì rédíò láti ara àwọn ìràwọ̀, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì All Nations ní Koforidua rí sátẹ́láìtì tí wọ́n ṣe, GhanaSat-1, tí ó ń yí ayé po. Nàìjíríà ti ní sátẹ́láìtì ayàwòrán tirẹ̀ láti 2003. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àlejò ní ilẹ̀ wa mọ́.

Àwòrán tí mo sọ̀rọ̀ wọn lálẹ́ òní, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. NASA, àjọ gbalasa òfurufú ti Amẹ́ríkà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni kò tíì sí ẹni tí ó fi ara balẹ̀ ka kòtò inú wọn, nítorí ọkọ̀ ń yà ju ohun tí ojú àwọn ọ̀mọ̀wé lè ká lọ. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Dátà tí a fi ń wo eré kò ní parí bí a bá yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọmọ láti wo Airy-0, láti wo Oxo, láti wo Bosumtwi láti òkè, kí ó sì mú rúlà, kí ó wọ̀n wọ́n, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ dé ibi tí ìlà Meridian gbà, ẹ sì sọ fún wọn pé ìlà kan bí èyí wà lójú Mars. Ẹnìkan ni ó jókòó ti àwòrán tí ó yan ibi tí a kan èèkàn yẹn sí. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹni tí yóò kan ti ọ̀la má jẹ́ ọmọ Tema.